Àkàbà Àárò

Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ni páásípọ́ọ̀tù náà wà, lábẹ́ òwú àti àlùmọ́gàjí tó ti kújú. Ishaq ló rí i. Ṣòkòtò rẹ̀ ló wá gbà ní ṣọ́ọ̀bù Zakariyya télọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Gbági lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Zakariyya sì ní kó bá òun mú téèpù nínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í rántí gbogbo ibi tó fi í sí. Àfi bí ọwọ́ Ishaq ṣe kan ìwé pẹlẹbẹ kan. Ó ṣí i, ojú Basit ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò ó. Basit tí gbogbo agbo ilé mọ̀ pé ó ti wà ní Tọ́kì láti oṣù mẹ́sàn-án!

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ń wọ bàálù lọ Tọ́kì tó ń fi páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ sọ́dọ̀ télọ̀. Ishaq ò tiẹ̀ dúró béèrè. Ọrùn aṣọ Zakariyya ló kọ́kọ́ dì mú. Kí àwọn ọlọ́jà tó là wọ́n, bọ́tìnnì mẹ́ta ti já, ariwo “ó ti pa ẹ̀gbọ́n mi!” sì ti dé gbogbo ìsọ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nísàlẹ̀ Mápó, nítòsí ilé wọn, ni Ishaq wọ́ ọ dé.

Orí tábìlì Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹniọlá ni ọ̀rọ̀ balẹ̀ sí. Obìnrin kúkúrú kan báyìí ni, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tí gíláàsì rẹ̀ máa ń rọ̀ sí àyà. Kì í gbá afurasí létí, kì í sì í pariwo. Ìbéèrè ló máa ń bi ènìyàn, á sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí ìdákẹ́ náà á fi máa yún onítọ̀hún lára.

“Níbo ni Basit wà?”

“Mi ò lè sọ, mà.”

“Ṣé o ò mọ̀ ni, àbí o ò lè sọ?”

Zakariyya wolẹ̀. “Mi ò lè sọ.”

“Ó ti kú?”

“Mo fi Kùránì búra fún un, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.”

“O búra fún ta ni? Fún òkú, àbí fún alààyè?”

Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni, ó sì ń fi apá aṣọ tó ti ya nù ún. Tẹniọlá wò ó pẹ́. Nínú gbogbo apànìyàn tí òun ti bá pàdé, “mi ò mọ̀” ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Èyí mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń sunkún, ó sì yàn láti sùn ní àtìmọ́lé dípò kó la ẹnu.

Lóde, Ishaq ò lè jókòó.

“Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá, mà? Òun ló ń fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni o! Basit wo ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ilé-kéwú ló lọ. Kéwú ló ní òun ń lọ kọ́ síwájú ní Tọ́kì.”

“Kò fi ohùn ránṣẹ́ rí?”

“Rárá. Zakariyya ló sọ pé fóònù ẹ̀ ò gbohùn mọ́.”

“Ó dáa. Mú mi lọ bá ìyá yín.”

*

Bẹ́yẹrúnkà ni agbo ilé wọn wà, níbi tí òrùlé páànù ti pọ́n bí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àlhájà Àtọ́kẹ́ jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin.

“Ọmọ mi, wá ibi kan jókòó sí. Bí ilẹ̀ ò bá mọ́, èmi ò rí i o, kí o má bínú.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

“Ìyá, kí ni Basit máa ń sọ nínú iṣẹ́ tó ń rán?”

“Ohun kan náà ni láti bí oṣù méjì. Ishaq á kà á fún mi: àárò yín ń sọ mí. Jímọ̀ mìíràn á tún dé: àárò yín ń sọ mí. Èmi náà á ní, sọ fún un kó pè mí. Kò pè.”

Ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ, ṣùgbọ́n Tẹniọlá rí i pé èso kan náà ni ìka rẹ̀ ń yí.

“Òun ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa yìí. Láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, mi ò mọ̀gbà tílẹ̀ mọ́ àfi tó bá pe ìrun. Ohùn ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run tún jí mi. Ọjọ́ tó máa lọ, ó pe ìrun àsùbáà, ó fà á, ó fà á, àwọn àgbà ní ṣé ọmọ yìí ò fẹ́ parí ẹ̀ ni? Ohùn ẹ̀ tiẹ̀ há díẹ̀ lásìkò yẹn. A ní ọ̀fìnkìn ni.” Ó nawọ́ títí ó fi bá ọwọ́ Tẹniọlá pàdé, ó dì í mú. “Wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Tó bá kú, sọ fún mi, kí n ṣe fídáù ọmọ mi. Tó bá wà láyé, jẹ́ n gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan mìíràn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tẹniọlá lára. Ọmọ kan ṣoṣo tí òun náà bí, Clara, ń bẹ ní Kánádà, bí fóònù bá sì pẹ́ kó tó dún lọ́jọ́ Àìkú, òun mọ bí inú òun ṣe máa ń rí. Ó gba fóònù Ishaq, ó fi gíláàsì sójú, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Iṣẹ́ oṣù méje àkọ́kọ́ ò ní láárí. “I am fine. Network is bad. Greet everybody.” Oṣù méje gbáko, gbólóhùn mẹ́ta yẹn náà ni. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó di lẹ́tà gidi, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó ń yí padà nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tẹniọlá yọ bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: “I want to see you.” Ìkejì: “I miss you.” Ìkẹta: “I long for you.” Ìkẹrin: “I yearn for you.” Ìkarùn-ún, “yearn” náà ló tún padà wá. Ìkẹfà: “I ache for you.” Ti Jímọ̀ tó kọjá: “Mama, I hanker after you.”

“Ishaq, báwo lo ṣe túmọ̀ gbogbo èyí fún ìyá yín?”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni, mà? Mo wò ó nínú fóònù, àárò ni gbogbo wọn.”

“Àárò ni. Ṣùgbọ́n àárò jura wọn lọ.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ẹni tó ní “want”, ó kàn fẹ́ ni. Ẹni tó ní “miss”, ó ń ṣàfẹ́rí ẹni tí kò sí nítòsí. Tó bá di “long for”, ọkàn ti ń fà lọ síbi tí ẹsẹ̀ ò lè dé. “Yearn” jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òùngbẹ ọkàn ni. “Ache” sì rèé, ara ti ń ro onítọ̀hún. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí ń gòkè ni, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sì fo ìkankan.

Àfi “hanker” yìí! Ta ló ń sọ fún ìyá tó bí i pé “I hanker after you”? Bọ̀ọ̀lì gbígbóná ni wọ́n ń fi “hanker” wá, tàbí oyè tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà, nítòsí “want”. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè kankan tó máa gbé e ga ju “yearn” lọ.

Tẹniọlá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Òun mọ ẹnì kan tó máa ń gbé e síbẹ̀. Tíṣà Obed! Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí òun lọ ní Òkè-Àdó, ọdún tó ti pẹ́ gan-an, ọkùnrin náà máa ń ya àkàbà sójú pátákó. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó jọra ló máa tò sórí rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ nísàlẹ̀, èyí tó wúwo lókè. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan èyí tó wà lókè tí ẹ kò bá tíì fi tìsàlẹ̀ kọ lẹ́tà. “Hanker” sì rèé, ìtòsí òkè téńté ló máa ń gbé e sí. Ó ní ohun téèyàn ò lè rí gbà mọ́ lèèyàn ń “hanker” fún, ìyẹn sì wúwo ju àárò lásán lọ. Tẹniọlá bá a jiyàn nígbà náà. Ẹgba mẹ́ta ló fi gbà pé òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń kù lórí “hanker”.

“Ishaq, gbọ́ mi. Zakariyya wà lọ́dọ̀ wa, fóònù ẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Tó bá jẹ́ òun ló ń kọ ọ́, Jímọ̀ yìí iṣẹ́ kankan ò ní wọlé. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá wọlé, ‘pine’ ló máa wà nínú ẹ̀.”

“Kí nìyẹn, mà?”

“Kí àárò ẹni máa jẹ èèyàn títí á fi rù kan eegun.”

*

Kó má baà dà bíi pé òun ti pinnu tán, Tẹniọlá gbé bébà síwájú Zakariyya lọ́jọ́rú.

“Kọ lẹ́tà sí ìyá ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Sọ fún un pé àárò ẹ̀ ń sọ ẹ́.”

Zakariyya làágùn, ó kọ: “I am fine. I miss you. Greet everybody.”

“Àfikún.”

Ó ronú. Ó kọ: “I miss you very very well.”

Tẹniọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìwọ lo kọ ti oṣù méje àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ló ń kọ èyí tó kù.”

Ojú Zakariyya là, ó tún pa ẹnu rẹ̀ dé kíá. Ó ti tó fún Tẹniọlá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgọ́ ní òun ò lè fi lẹ́tà méjì tú afurasí sílẹ̀, páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Kò burú. Wọ́n dúró.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, Ishaq sáré dé àgọ́, ó ń mí gúlegúle. Kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù sí Tẹniọlá.

“Mama, I pine for you.”

“Ta lẹ bi, mà? Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Tíṣà mi ló kọ́ mi,” ni Tẹniọlá wí, ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

*

Tíṣà Obed ti di arúgbó, ṣùgbọ́n tíṣà ni síbẹ̀. Inú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Òkè-Àdó ló ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Pátákó wà níbẹ̀, àkàbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà sì wà lójú rẹ̀ rekete, “pine” lókè pátápátá.

“Tẹniọlá! Ṣé o ti gbà báyìí pé ‘hanker’ ń gbé òkè?”

“Rárá, sà. Mi ò tíì gbà.”

“Alágídí. Kí ló dé tí ọlọ́pàá wá bá mi?”

“Ọjọ́ wo lẹ máa ń kọ́ wọn, sà?”

“Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n á fi kọ lẹ́tà sí ẹni tí àárò ẹ̀ ń sọ wọ́n, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá rán níṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni.”

“Ọ̀sẹ̀ kan wà tẹ́ ẹ ò kọ́ wọn. Ẹ ti kọ́ wọn ní ‘yearn’ tán, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ò sí nílé.”

Tíṣà Obed bọ́ gíláàsì rẹ̀. “Mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà. Ta ló sọ fún ẹ?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ yín kan ló sọ. Ó kọ ‘yearn’ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ tuntun, kò sì fẹ́ kí Jímọ̀ kọjá lásán. Sà, nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ta ni kì í sọ̀rọ̀?”

Ìdí tó fi béèrè bẹ́ẹ̀ kò ju èyí lọ. Ládàánì tí ohùn rẹ̀ há kó tó lọ. Fóònù tí kò gbohùn. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó báyìí, tó sì wà ní Ìbàdàn níhìn-ín, tí kò lè pè é. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà bára mu.

Ọkùnrin arúgbó náà tọ́ka sí yàrá kan lẹ́yìn ilé. “Ọlọ́kàn tútù ni. Má ṣe pariwo mọ́ ọn.”

*

Basit ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó ti rù. Ó fi ìborùn wé ọrùn, èémí rẹ̀ sì ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe láti imú. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, kò sá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tú ìborùn náà. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ gògóńgò rẹ̀.

Ìwé kíkọ ló fi dáhùn, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Àrùn jẹjẹrẹ mú un lọ́fun nígbà tí gbogbo ètò ìrìnàjò ti parí. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé àpótí ohùn kúrò, tàbí kó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìn ín dé ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Zakariyya ló tọ́jú rẹ̀, Zakariyya ló ń kọ iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé títí òun fi lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nílé ìwòsàn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ti ọwọ́ tó ń jù, ló bá wá bá Tíṣà.

“Zakariyya wà látìmọ́lé nítorí ẹ. Ìyá ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kó ṣe fídáù.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ó tún mú bírò.

*Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo wà láyé. Kí ẹ tú Zakariyya sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mú mi lọ.*

“Zakariyya á jáde lónìí. Kí ló dé tí o ò fẹ́ lọ?”

*Ojú wọn ò ríran. Ohùn mi ni wọ́n fi mọ̀ mí. Tí mo bá wọlé, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé èmi ni?*

Tẹniọlá ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

“Èmi ò mọ̀,” ló wí níkẹyìn. “Ìyá ẹ ló máa mọ̀. Dìde.”

*

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Bẹ́yẹrúnkà. Ishaq wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí ọrùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí igbe má baà jáde.

“Ta ló ń bọ̀ yẹn?” ni Àlhájà Àtọ́kẹ́ wí láti orí ẹní.

“Èmi ni, Ìyá. Tẹniọlá ọlọ́pàá.”

“Ẹ̀yin méjì ni. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ méjì. Ẹnì kejì ò ní kí èèyàn ni? Kó sọ̀rọ̀ jàre.”

Tẹniọlá la ẹnu, ó tún pa á dé, nítorí Basit ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹní. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ọrùn ara rẹ̀.

Ọwọ́ arúgbó náà kan ihò náà, ó fà sẹ́yìn bíi pé iná jó o. Lẹ́yìn náà ó padà. Èémí tó ń jáde níbẹ̀ ń fẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kó fẹ́ sí i. Ọwọ́ kejì gba orí lọ, ó gba etí, ó gba èjìká, ó ń yára, ó ń yára sí i.

“Ta ló gé ọmọ mi lọ́fun?”

“Àrùn ni, Ìyá,” ni Tẹniọlá wí. “Dókítà gé e kó má baà kú. Ohùn ló bá a lọ. Òkè-Àdó ló wà láti ìgbà yìí. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹ ò ní mọ òun.”

“Òkè-Àdó?” Ó lu èjìká Basit, ó tún lù ú. “Òkè-Àdó tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé! Tí mo ń dojú kọ Tọ́kì ṣàdúà láràárọ̀!” Ẹkún gbà á lọ́wọ́ ìbínú. Ó fa orí ọmọ náà mọ́ àyà. “Basit, ṣé ohùn ni mo bí ni?”

Basit mi orí. Ó gbàgbé pé ìyá òun ò ríran. Ṣùgbọ́n orí náà wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì mọ ìdáhùn.

“Ọmọ ni mo bí,” ni Àlhájà Àtọ́kẹ́ wí.

Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì nígbà náà, ohùn ẹlòmíràn ni. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì títí ó fi pè é tán.